Kálórì mélòó ni ara ń ná lójúmọ́? Àlàyé fún ẹni tó ń ka iye lórí aago ọwọ́

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Ìkẹ́rẹ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ kò sì dùn ún gbọ́. Òòyì ti kọ́ ọ nínú ọjà lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ló sáré gbé àga fún un. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo tó gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ra aago ìgbàlódé fún un, ó sì bá a gbé áàpù kan sórí fóònù. Áàpù náà bi í ní ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní ara rẹ̀ ń ná kálórì 2,438 lójúmọ́, pé bó bá fẹ́ kí ara òun fúyẹ́ kíákíá, kó má ṣe jẹ ju 1,200 lọ. Àǹtí mi tẹ̀ lé e fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó pa iyán tì, ó pa epo tì, kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Ọjọ́ kẹwàá ni òòyì dé.

Ó bi mí pé, "Ṣé irọ́ ni nǹkan yìí ń pa fún mi ni?"

Òun nìkan kọ́ ló ń béèrè. Ẹni tó bá jáde ní kùtù òwúrọ̀ sí ọ̀nà Adó sí Ìwòrókò yóò rí àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìyálọ́jà tí wọ́n ń rìn kíákíá nítorí ìlera wọn. Bí wọ́n bá dúró mí, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Iye tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni àwọn kan fi ń pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ. Mo fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ìdáhùn tí mo sì rí fún àǹtí mi rèé: irọ́ kọ́, ìfojúbù ni. Ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ náà bí a ṣe ń fojú bù ú.

Kálórì jẹ́ òṣùwọ̀n agbára, bí kílò ṣe jẹ́ òṣùwọ̀n ìwúwo. Èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ ni ìwọ̀n ooru tó máa mú kí omi lítà kan gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 lọ́kàn. Bí a bá da omi inú rẹ̀ sí ìkòkò, tí a sì gbé e kaná títí tó fi hó, ooru tó wọ inú omi náà kò ju kálórì 1,900 lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, láìsí ẹni tó rí iná tàbí èéfín.

Níbo wá ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ? Ibí yìí ló ya àǹtí mi lẹ́nu jù. Ó rò pé ìrìn àárọ̀ àti ẹrù tí òun ń gbé ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí iṣẹ́ wọn kò le púpọ̀, ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara ń ná kó lè wà láàyè lásán: kí ọkàn lù, kí ẹ̀dọ̀fóró fà, kí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ṣiṣẹ́, kí ara má tutù. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná nígbà tó bá ń sinmi. Mo ní kó fi í wé owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà ì báà wá, kó má wá, owó ilé àti owó iná ń lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ara tún fi ń da oúnjẹ. Èyí tó kù ni ti gbogbo ìrìn àti ìṣe wa, kì í sì í ṣe eré ìdárayá nìkan ló wà níbẹ̀. Ilé gbígbá wà níbẹ̀, omi pípọn, gígun òkè àdúgbò ní ìlú olókè bíi tiwa, àti dídúró na aṣọ fún oníbàárà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ ká wo ìrìn àárọ̀ rẹ̀. Ìrìn kíákíá díẹ̀ ń gba nǹkan bí kálórì 3.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Kílò 82 ni àǹtí mi wọ̀n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló sì ń rìn. Ó jẹ́ nǹkan bí 143. Ṣùgbọ́n ká ní ó jókòó sílé, ara rẹ̀ ì bá ti ná nǹkan bí 41 nínú rẹ̀. Nǹkan bí 100 péré ni ìrìn náà fi kún un. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n á gbé 143 fún un bí ẹni pé ìrìn nìkan ló jẹ gbogbo rẹ̀. Ìrìn náà wúlò fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, fún oorun. Kó má dá a dúró. Ohun tí kò tọ́ ni kó fi ìrìn yẹn ra búrẹ́dì àti mínírà.

Ọ̀nà tí ayé gbà dé ibi ìṣirò yìí jìn. Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín ọdún 1780 sí 1784, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace gbé ẹ̀mọ́ òyìnbó sínú àpótí tí wọ́n fi yìnyín yí ká. Wọ́n wọn omi tí ooru ara ẹranko náà yọ́ láti ara yìnyín. Ibẹ̀ ló ti hàn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dá alààyè bá iná tó ń jó mu: méjèèjì ń lo afẹ́fẹ́, méjèèjì ń mú ooru wá. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin ní Amẹ́ríkà, Wilbur Atwater kọ́ yàrá kékeré kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Omi ń gba inú páìpù kọjá láti kó ooru ara ẹni náà jáde, wọ́n sì ń wọn gbogbo ohun tó jẹ àti èyí tó yà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a ṣì ń lò dòní: gíráàmù kan èròjà afáralókun ní kálórì 4, ti amúaradàgbà ní 4, ti ọ̀rá ní 9.

Gbogbo ènìyàn kò lè lọ gbé inú yàrá Atwater, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá fọ́múlà. J. Arthur Harris àti Francis Benedict gbé tiwọn jáde ní 1919, láti ara ọkùnrin 136, obìnrin 103 àti ọmọ ìkókó 94 ní Amẹ́ríkà. Èyí tí ọ̀pọ̀ áàpù ń lò lónìí ni ti Mifflin àti St Jeor, tó jáde ní 1990 láti ara ènìyàn 498, ní Amẹ́ríkà bákan náà. Kò le láti ṣe. Ẹ fi 10 sọ ìwọ̀n yín ní kílò di púpọ̀, ẹ fi 6.25 sọ gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ẹ fi 5 sọ ọjọ́ orí yín di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ tún yọ 161. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ fi 5 kún un.

Ẹni ọdún 45 ni àǹtí mi, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160. A ní 820 àti 1,000, ó di 1,820. A yọ 225, a yọ 161, ó ku 1,434. Iye tí ara rẹ̀ ń ná nìyẹn bó bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀. Mo tún fi fọ́múlà 1919 ṣe é, ó fún mi ní 1,525. Mo fi èyí tí àjọ àgbáyé FAO (ti oúnjẹ àti ọ̀gbìn) àti WHO (ti ìlera) gbé jáde ní 1985 ṣe é, ó di 1,542. Obìnrin kan náà, ara kan náà, èsì mẹ́ta. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú ìṣirò. Àárín gbùngbùn àwọn ènìyàn kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ, ara àǹtí mi sì lè wà lókè rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àṣìṣe tó tóbi jù kò sí níbẹ̀ rárá, inú ìlọ́po tó tẹ̀ lé e ló wà. Bí ẹ bá ti rí iye ti ìsinmi, ẹ ó fi nọ́ńbà kan sọ ọ́ di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yín ṣe le tó. Gẹ́gẹ́ bí FAO àti WHO ṣe tò ó, ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ wà láàárín 1.40 sí 1.69, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un rìn dáadáa wà láàárín 1.70 sí 1.99, iṣẹ́ agbára ń lọ láti 2.00 dé 2.40. Áàpù bi àǹtí mi bóyá ó máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti àárọ̀ dé alẹ́. Áàpù fún un ní 1.7, ìyẹn ló bí 2,438. Ṣùgbọ́n mo mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí ọjà kò bá yá, ó máa ń jókòó ti ẹrù fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Ká ní 1.4 ló fún un, 2,008 ni ì bá jẹ́. Kálórì 430 ló wà láàárín méjèèjì, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tí ènìyàn fi ìṣẹ́jú àáyá dáhùn.

Ẹ wò ó lára àwọn ọ̀dọ́ méjì. Kí a sọ pé ọmọ ọdún 28 ni wọ́n, kílò 65, sẹ̀ǹtímítà 170. Ti ìsinmi wọn jẹ́ nǹkan bí 1,578. Ọ̀kan ń gun ọ̀kadà ní Adó, ìlọ́po tirẹ̀ lè jẹ́ 1.5, ó di nǹkan bí 2,370. Èkejì ń fi ọkọ́ kọ ebè iṣu lọ́nà Ọ̀yẹ́, tirẹ̀ lè jẹ́ 2.1, ó lé ní 3,300. Nígbà ebè kíkọ nìyẹn o. Bí ebè bá parí, tí iṣu ń ta, tí kò sí iṣẹ́ tó le lóko, ọmọ náà kì í ná tó bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò tíì rí áàpù tó ń béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ pé oṣù wo ni a wà.

Ti aago ọwọ́ ńkọ́? Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford dán irú aago bẹ́ẹ̀ méje wò lára ènìyàn 60. Aago mẹ́fà nínú méje ka lílù ọkàn dáadáa, àṣìṣe wọn kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan kálórì, èyí tó dára jù nínú wọn fi nǹkan bí ìdá 27 ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93 ṣìnà. Ohun tí aago lè wọn ni lílù ọkàn àti mímì ọwọ́, kálórì kò ṣe é rí lára awọ. Ẹni tó ru ẹrù, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Ẹ̀rọ lè rò pé ó dúró.

Ọ̀nà kan wà tó dájú ju gbogbo èyí lọ, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, torí pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìtàn rẹ̀. Omi ni wọ́n ń fún ènìyàn mu. Háídírójìn àti ọ́síjìn inú omi náà wúwo díẹ̀ ju ti omi lásán lọ, kò sì ń ṣe ara ní jàǹbá. Háídírójìn náà á máa bá ìtọ̀ àti òógùn jáde. Ọ́síjìn náà á bá wọn jáde bákan náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún bá afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta lọ, ìyẹn carbon dioxide. Wọ́n á gba ìtọ̀ ẹni náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á wo bí ọ̀kan ṣe ń yára tán ju èkejì lọ. Nínú ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó mí síta, nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ti ń mọ iye agbára tó ná. Kò nílò yàrá, kò nílò aago. Ẹni náà á máa ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lọ. Nathan Lifson ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára èkúté ní nǹkan bí ọdún 1955, ó sì di 1982 kí wọ́n tó lò ó fún ènìyàn.

Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé omi yìí wá sí agbègbè Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n fi obìnrin 149 níbí wé obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé obìnrin tó ń gbé ìgbèríko wa á máa ná agbára ju ti ará Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná lórí ìrìn àti iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Iye tí obìnrin kan ń ná kò sì sọ bóyá yóò sanra sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Herman Pontzer àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ní 2012 lára àwọn Hadza, àwọn ọdẹ ilẹ̀ Tàǹsáníà tí wọ́n ń rìn kiri igbó lójoojúmọ́: bí a bá ti ro ìtóbi ara mọ́ ọn, àpapọ̀ agbára tí wọ́n ń ná lóòjọ́ kò ju ti àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Ó jọ pé ara mọ ìṣúnná. Bí ó bá ná sí ibì kan púpọ̀, á dín in kù níbòmíràn.

Nínú èsì mìíràn tó jáde ní 2021, láti ara àwọn ènìyàn tó lé ní 6,400 ní orílẹ̀-èdè 29, wọ́n rí i pé láàárín ọmọ ogún ọdún sí ọgọ́ta, iye tí ara ń ná kò yí padà tó bí a ṣe rò, bí a bá ti ro ìtóbi ara àti iṣan mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ọdún ló ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì ju bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Àǹtí mi, ẹni ọdún 45, ti máa ń sọ pé ọjọ́ orí ló ń mú òun sanra. Mo ní kó fi ọjọ́ orí sílẹ̀ ná.

Èyí gbé wa dé orí oúnjẹ, ohun kan sì ń dùn mí níbẹ̀. Kí ló dé tí iyán fi di ọ̀tá ní Èkìtì, ilẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ máa ń sọ pé òun kò tíì jẹun? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní nǹkan bí kálórì 116. Iyán lè dín sí i díẹ̀ nítorí omi tí a ń ta sí i. Ṣíbí ńlá kan epo pupa ní nǹkan bí 120. Ṣíbí epo mẹ́rin nínú ọbẹ̀ tó òkèlè iyán tó wọn ju gíráàmù 400 lọ. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi epo sebẹ̀. Mo ń sọ pé ẹni tó lé iyán jáde nínú ilé, tó wá ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò tí epo léfòó lórí rẹ̀, kò tíì dín ohun tó yẹ kó dín. Áàpù á sì kọ "iyán, àwo kan", bí ẹni pé ọwọ́ gbogbo olóúnjẹ kan náà ló ń bù ú.

Àwa náà kì í sọ òtítọ́ tán nípa ohun tí a jẹ, kì í sì í ṣe pé a fẹ́ purọ́. Ní 1992, Steven Lichtman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York wọn àwọn kan tí wọ́n ní àwọn kò jẹun púpọ̀ síbẹ̀ àwọn kò fúyẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n jẹ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí òtítọ́, eré ìdárayá tí wọ́n ní àwọn ṣe sì fi 51 lé. Ẹ̀pà tí a bu jẹ lọ́ọ̀dẹ̀, àjẹkù ọmọ tí a kò fẹ́ kó ṣòfò, mínírà ìnáwó, ta ni ń ka ìyẹn?

Fọ́múlà kò sì mọ aláboyún. Àfikún tí oyún ń béèrè jẹ́ nǹkan bí kálórì 85 lóòjọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 285 ní mẹ́ta àárín, 475 ní mẹ́ta ìparí. Ti ọmú fífún sún mọ́ 500. Ẹni tí ibà bá ń ṣe, gbogbo ìwọ̀n Celsius kan tí ara rẹ̀ fi gbóná sí i ń gbé iye náà sókè ní bí ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, tí ẹnì kan wá fi ètò kálórì 1,200 ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, kó pa á rẹ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ gé oúnjẹ lójijì láìsọ fún dókítà rẹ̀, torí oògùn tó bá oúnjẹ àná mu lè fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lónìí.

Àǹtí mi kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ra òṣùwọ̀n méjì, kékeré ti ilé ìdáná àti èyí tí ènìyàn ń gùn. Ó ń kọ ohun tó ń jẹ sínú ìwé tó fi ń kọ gbèsè oníbàárà, láti ẹ̀yìn. Ó ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ bó bá ti tọ̀ tán, kó tó jẹ ohunkóhun, a sì ń wá àárín gbùngbùn ọjọ́ méje, torí ìwọ̀n ọjọ́ kan lè fi kílò kan lọ sókè lórí omi àti iyọ̀ nìkan. A kò ka ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́kọ́ ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ohun tó kọ sílẹ̀ jẹ́ 1,900 lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba, ìwọ̀n rẹ̀ sì fi kílò kan wálẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ara jẹ́ nǹkan bí kálórì 7,700. Ẹ fi ọjọ́ 28 pín in, ó jẹ́ 275. Ẹ fi kún 1,900. Ara àǹtí mi ń ná nǹkan bí 2,175, kì í ṣe 2,438.

Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé òkèlè kan síbí, ẹ̀pà kan sọ́hùn-ún. Kò burú. Bí ó bá ti ń gbàgbé bákan náà lójoojúmọ́, ohun tó kọ àti ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ á ṣì máa bára wọn rìn, ó sì lè fi wọ́n pinnu. Iyán ti padà wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú, wíwọ̀n ló ń wọ̀n ọ́n kó tó bù ú. Nígbà tó bá dé kílò 76, a ó jókòó ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun, nítorí ara tó bá ti fúyẹ́ kì í ná tó ti tẹ́lẹ̀, 1,900 tó ń mú un wálẹ̀ lónìí lè má mú un wálẹ̀ mọ́ nígbà náà.